Aago Mọ́sálásí àti Ohùn Ẹ̀gbọ́n Mi

Aago kan wà lára ẹ̀rọ ìdáná mi ní Ìkòròdú, nọ́ńbà pupa ni ó fi ń sọ àsìkò. Ọmọ mi obìnrin ló ra ẹ̀rọ náà fún mi nígbà tí mo fẹ̀yìn tì. Láràárọ̀, bí mo bá ti kírun tán tí mo sì ti gbé omi tíì kaná, n óò tan rédíò kékeré mi, n óò dúró de ìgbà tí wọ́n bá kéde aago, n óò sì wo aago ìdáná yìí bóyá ó sọ òtítọ́. Nígbà mìíràn ó máa ń ṣíwájú díẹ̀, nígbà mìíràn ó máa ń rẹ̀yìn. Ó ṣọ̀wọ́n kí ó gún régé. Bí iná bá lọ, yóò gbàgbé ohun gbogbo, yóò máa ṣẹ́jú bí ẹni tó jí lójijì, n óò sì tún un tò. Àwọn ọmọ mi máa ń fi mí rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ṣebí fóònù wà lọ́wọ́ mi, kí ni mo tún ń bá aago ìdáná fà sí. N kì í bá a fa nǹkan kan. Mò ń kà á bí ẹni ń kàwé ni.

Ẹ̀kọ́ físíìsì ni mo fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́ girama, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀ bí mo ti máa ń ṣàlàyé rẹ̀ ní kíláàsì. Iná mànàmáná tí ń wọ ilé wa kì í ṣàn lọ tààrà bí omi odò. Ńṣe ló ń lọ tó ń bọ̀, bí ayùn tí agégi ń fà: síwájú, sẹ́yìn, síwájú, sẹ́yìn. Ó yẹ kí ó lọ kí ó sì bọ̀ ní àádọ́ta ìgbà kí ìṣẹ́jú àáyá kan tó pé. Àwọn aago kan wà tí kò ní ọgbọ́n mìíràn ju kí wọ́n máa ka ìlọ àti ìbọ̀ yìí. Irú aago bẹ́ẹ̀ kò mọ oòrùn, kò mọ òṣùpá. Bí ó bá ti ka àádọ́ta, yóò ní ìṣẹ́jú àáyá kan ti kọjá. Bí agégi bá rẹ̀, tí ó ń fa ayùn jẹ́jẹ́, aago yóò rẹ̀yìn. Bí agégi bá ń kánjú, aago yóò ṣíwájú. Kò sí ibi tí aago ti ṣẹ̀.

Ibì kan wà tí àwọn ọmọ kíláàsì mi máa ń ṣì, àwọn àgbàlagbà náà sì máa ń ṣì í. Wọ́n rò pé bí iná bá ṣe bàìbàì ni aago ń falẹ̀, tí iná bá sì mọ́lẹ̀ gan-an, aago á dára. Rárá o. Agbára apá agégi lọ́tọ̀, iye ìgbà tí ó fa ayùn lọ́tọ̀. Iná lè mọ́lẹ̀ rekete kí ó máa sáré ju bí ó ti yẹ lọ. Wọ́n sì tún máa ń rò pé àdúgbò kọ̀ọ̀kan ló ní ìrìn tirẹ̀. Èyí náà kò rí bẹ́ẹ̀. Okùn kan náà ni gbogbo wa so mọ́. Bí iná ìjọba bá ń falẹ̀ ní Ìkòròdú, bákan náà ni ó ń falẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́ àti ní Ṣókótó. Nírọ̀lẹ́, nígbà tí àwọn ará ẹ́sítéètì wa bá ti Èkó dé, tí gbogbo orílẹ̀-èdè tan fáànù àti áyọ́ọ̀nù lẹ́ẹ̀kan náà, ẹrù á wúwo fún àwọn ẹ̀rọ ńlá tí ń pèsè iná, aago ìdáná mi á sì rẹ̀yìn díẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ nìkan ni kò bá ẹnikẹ́ni so mọ́ okùn. Ìrìn tí wọ́n bá yí i sí ni yóò máa rìn.

Mo kọ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ ní nǹkan wọ̀nyí, mo sì rò pé mo ti fi wọ́n sílẹ̀ sínú kíláàsì. Lẹ́yìn tí mo fẹ̀yìn tì tán ni wọ́n wá wúlò fún mi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ní àárín Ràmàdánì tó kọjá, ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi pè mí láti Ẹ̀pẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ni ládàánì mọ́sálásí àdúgbò wa níbẹ̀. Òun ni ń pe ìrun. Bàbá wa ló ń pè é kí ọlọ́jọ́ tó dé, ẹ̀gbọ́n mi sì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí irùngbọ̀n rẹ̀ ṣì dúdú. Ìyàwó rẹ̀ kì í sábà pè mí lọ́sàn-án ààwẹ̀, nítorí náà mo ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ wà. Ó ní ọkọ òun kì í jẹ sààrì mọ́, omi nìkan ló ń mu. Ó ní àwọn ọ̀dọ́ mọ́sálásí sọ pé ó ń pe Mọ̀gàríbì kí oòrùn tó wọ̀, gbogbo àdúgbò sì ń gbẹ́kẹ̀ lé ohùn rẹ̀ láti ṣínu. Ẹni tó bá ṣínu kí oòrùn tó wọ̀, ààwẹ̀ ọjọ́ náà ti bàjẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ìgbìmọ̀ mọ́sálásí yóò jókòó lọ́jọ́ Àìkú láti gba ìpè náà lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo bi í pé ta ni wọ́n fẹ́ gbé e fún.

"Fóònù ni, Àǹtí Tíṣà. Wọ́n ní fóònù lè máa pè é fúnra rẹ̀ láti inú gbohùngbohùn. Wọ́n ní kí Bàbá lọ sinmi."

Mo gba ọ̀nà Ìtòkín lọ sí Ẹ̀pẹ́ lówùúrọ̀ ọjọ́ Sátidé. Mo bá ẹ̀gbọ́n mi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, tẹ̀sùbáà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò yà á lẹ́nu láti rí mi.

"Tíṣà," ó ní, "wọ́n ti lọ fi ẹjọ́ mi sùn ọ́."

Láti ìgbà tí mo ti wọ ilé ẹ̀kọ́ olùkọ́ ló ti ń pè mí bẹ́ẹ̀, nígbà mìíràn láti pọ́n mi lé, nígbà mìíràn láti fi mí ṣẹ̀fẹ̀. Mo jókòó tì í, mo ní kí ó sọ ọ́ fún mi láti ìbẹ̀rẹ̀. Kò fi ọ̀rọ̀ gùn. Ó ní ojoojúmọ́ ni òun ń tún aago mọ́sálásí tò lẹ́yìn ìrun Àlàásárì, rédíò ni òun sì fi ń tún un tò, bí bàbá wa ti ń ṣe. Síbẹ̀, nígbà tí oòrùn bá fẹ́ wọ̀, fóònù àwọn ọ̀dọ́ á ní kò tíì tó, aago á ní ó ti tó. Alága àwọn ọ̀dọ́ ló kọ́kọ́ sọ ọ́ síta.

"Ọmọ dáadáa ni," ó ní. "Kò parọ́. Èmi náà ò sì parọ́. Ohun tó ń dá mi lágara nìyẹn."

Ìyàwó rẹ̀ ló sọ ìyókù fún mi ní kọ̀rọ̀. Àwọn kan ní ojú bàbá ti ń ṣe bàìbàì. Àwọn kan ní ó ń sún aago síwájú nítorí ebi. Nígbà tí òun lọ ra ẹja, ìyá kan níbi igbá ẹja kí òun dáadáa, ó bá òun yan ẹja tó tóbi, ó wá ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa fún bàbá ní sààrì tó yó, kí wọ́n yé bá wa jẹ ààwẹ̀." Gbogbo ọlọ́jà tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ó ní òun náà rẹ́rìn-ín, òun sì sunkún nígbà tí òun délé.

Ó yẹ kí n sọ̀rọ̀ nípa aago yìí, nítorí kì í ṣe aago lásán lójú wa. Ọmọ àdúgbò wa kan tó pẹ́ ní ìlú òyìnbó ló mú un wá nígbà tí bàbá wa ṣì wà láyé. Ó tóbi, ojú rẹ̀ funfun, ó ní ọwọ́ pupa tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ń yọ́ rìn yíká láìdúró. Kò lo bátìrì. Wáyà rẹ̀ wọ sọ́kẹ́ẹ̀tì lára òpó. Kí ó tó dé, olúkúlùkù ló ń bá ẹnìkejì rẹ̀ jiyàn pé aago ọwọ́ tòun ló pé. Nígbà tí ó dé, àwọn àgbà fẹnu kò pé láti ọjọ́ náà lọ, ojú aago kan ni gbogbo wa yóò máa wò. Ládàánì kò gbọdọ̀ fi aago tirẹ̀ pe ìrun. Òfin yẹn ló mú àlàáfíà wá, ẹ̀gbọ́n mi kò sì rú u rí. Ìdí nìyí tí kò fi mú fóònù wọlé bí ó tilẹ̀ ní in.

Láyé àtijọ́, bí iná bá lọ, aago náà á dúró gbagidi. Gbogbo ènìyàn á rí i pé ó ti kú, ẹ̀gbọ́n mi á sì máa tẹ́tí sí rédíò títí oòrùn á fi wọ̀. Aago tó kú kì í tan ènìyàn jẹ. Ṣùgbọ́n lọ́dún yìí, àwọn ọ̀dọ́ gba jẹnẹrétọ̀ tuntun fún mọ́sálásí kí wàásù Ràmàdánì má baà máa já lẹ́nu gbohùngbohùn. Bí wọ́n bá ti kí Àlàásárì tán, wọ́n á tan án, ì báà jẹ́ pé iná ìjọba wà. Aago kò dúró mọ́ nírọ̀lẹ́. Nítorí pé kò dúró mọ́, gbogbo wọn gbà pé kò lè ṣìnà mọ́.

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi dárúkọ jẹnẹrétọ̀ tuntun, ọkàn mi ti lọ sídìí ọ̀rọ̀ náà. Ṣùgbọ́n olùkọ́ tó bá mọ ìdáhùn kò gbọdọ̀ torí ìyẹn fo ìdánwò. Mo ní n óò fojú ara mi rí i.

Lọ́jọ́ Sátidé yẹn, mo jókòó ní apá àwọn obìnrin, níbi tí aṣọ ìkélé kò ti dí mi lójú láti rí òpó tí aago wà. Wọ́n tan jẹnẹrétọ̀ lẹ́yìn ilé. Ẹ̀gbọ́n mi gbé àga sídìí òpó, ó rọra gùn ún, ó gbé rédíò ìléwọ́ sétí. Nígbà tí rédíò kéde aago, ó yí ohun tí a fi ń tò ó lẹ́yìn aago, ó sì sọ̀ kalẹ̀. Mo wo aago ọwọ́ mi. Wọ́n bára mu ṣánṣán. Ojú rẹ̀ kò ṣe bàìbàì, ọwọ́ rẹ̀ kò sì gbọ̀n.

Wàásù bẹ̀rẹ̀. Etí kan ni mo fi ń gbọ́ Lèmọ́mù, mo fi ìkejì sílẹ̀ fún jẹnẹrétọ̀. Ohùn rẹ̀ tinrín, ó ga, bí ẹni tí ń sáré gun òkè tí kò fẹ́ kí a mọ̀ pé ó ń mí hẹlẹ. Fáànù orí wa ń fẹ́ ju bí mo ti mọ fáànù mọ́. Mo wo ọwọ́ pupa lára òpó, mo wo èyí tó wà lọ́rùn ọwọ́ mi. Kí tèmi tó pé yíká, ti òpó ti kọjá òkè. Díẹ̀ ni. Bí ènìyàn kò bá wá a, kò lè rí i. Ṣùgbọ́n díẹ̀ yẹn ń ṣẹlẹ̀ ní gbogbo ìṣẹ́jú, wàásù sì gùn. Nígbà tí Lèmọ́mù fi máa dákẹ́, aago mọ́sálásí ti fi tèmi sílẹ̀ sẹ́yìn tó àkókò tí ènìyàn lè fi ṣe àlùwàlá kí ó sì tún jẹ dàbínù mélòó kan.

Ẹ̀gbọ́n mi dìde lọ sídìí gbohùngbohùn. Ó wo aago; ó ti tó. Ó gbé ọwọ́ sétí, ó la ẹnu. Alága àwọn ọ̀dọ́, tí Lèmọ́mù ti ní kí ó máa dúró tì í láti ọjọ́ mélòó kan, gbé àtẹ́lẹwọ́ sókè níwájú rẹ̀.

"Ó kù, Bàbá."

Ó rọra sọ ọ́, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ṣùgbọ́n gbohùngbohùn ti gbọ́, gbogbo àdúgbò sì gbọ́ ọ pẹ̀lú. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Ẹ̀gbọ́n mi sọ ọwọ́ kalẹ̀. Ó dúró níbẹ̀, ẹnu rẹ̀ ní pípadé, ó ń wo aago tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ tò, títí ọmọ náà fi mi orí sí i. Nígbà tí ó wá pè é, ìpè náà dùn bí ó ti máa ń dùn, ṣùgbọ́n mo rí i pé ó fi ọwọ́ kan di òpó mú.

Bí a ti ń ṣínu nílé, mo ṣàlàyé fún un. Mo fi agégi àti ayùn ṣe àkàwé. Ó tẹ́tí sílẹ̀, ó ń fi ṣíbí ro ògì rẹ̀. Ó bi mí pé ṣé aago náà kò wá bàjẹ́. Mo ní kò bàjẹ́. Ohun tí wọ́n fún un kà ló kà. Ó tún wá bi mí pé ta ló mú kí jẹnẹrétọ̀ máa sáré.

Mo ní ẹni tó bá yí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sókè ni.

"Má dárúkọ ẹnikẹ́ni lọ́la," ó ní. "Bí o bá yọ mí nínú ìtìjú, tí o wá ti ọmọ ẹlòmíràn sínú rẹ̀, kí la rí gbà?"

Mo ṣèlérí fún un pé òtítọ́ nìkan ni n óò sọ, n kò ní fi orúkọ ẹnikẹ́ni tì í. Ọkàn mi balẹ̀. Mo ti kọ́ àwọn ọmọ tó le ju ìgbìmọ̀ mọ́sálásí lọ ní ẹ̀kọ́ yìí.

Lọ́jọ́ Àìkú, ìgbìmọ̀ jókòó lẹ́yìn ìrun Àyìlá. Obìnrin kì í sọ̀rọ̀ níbi ìjókòó bẹ́ẹ̀ ní mọ́sálásí wa, àwọn kan sì fẹ́ rán mi létí. Lèmọ́mù ní kí wọ́n jẹ́ kí n wí. Ó ní àwọn kan lára wọn ti jókòó níwájú mi rí nínú yunifọ́ọ̀mù, kí wọ́n fi ara balẹ̀ bí wọ́n ti ń ṣe nígbà náà. Bàbá arúgbó kan ní ó dáa, pé ó sàn kí a gbọ́ tíṣà ju kí a gbọ́ ọmọ tí ń ta fóònù, nítorí ó lè jẹ́ pé fóònù ló fẹ́ tà fún mọ́sálásí. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Alága àwọn ọ̀dọ́ náà rẹ́rìn-ín, nítorí òótọ́ ni pé ó ní ilé ìtajà fóònù nítòsí ọjà.

N kò tíì ṣàlàyé ohunkóhun. Mo kàn ní kí wọ́n tan jẹnẹrétọ̀, kí wọ́n gbé e sórí fáànù àti gbohùngbohùn bí wọ́n ti máa ń ṣe. Mo gbé aago oníbátìrì láti pálọ̀ ẹ̀gbọ́n mi wá, a fi í kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ aago mọ́sálásí. Mo ní kí alága àwọn ọ̀dọ́ fi fóònù rẹ̀ to àwọn méjèèjì, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi ló dé ibẹ̀. Ó tò wọ́n. Mo ní kí ìgbìmọ̀ máa bá ọ̀rọ̀ mìíràn lọ. Wọ́n sọ̀rọ̀ nípa pápá ìrun ọdún, ta ni yóò ro koríko rẹ̀, níbo ni àwọn obìnrin yóò jókòó sí bí òjò bá rọ̀. Wọ́n jiyàn dáadáa lórí òjò yẹn.

Nígbà tí Àlàásárì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó, mo ní kí wọ́n gbé ojú sókè.

Kò sí ẹni tí kò rí i. Ẹnì kan ní bóyá bátìrì aago pálọ̀ ló ti rọ. Mo ní ìbéèrè tó dára ni, kí alága wo fóònù rẹ̀. Ó wò ó, ó tún un wò. Ó ní ti pálọ̀ ló bá fóònù mu.

"Ṣùgbọ́n Ìyá Tíṣà," ó ní, "iná jẹnẹrétọ̀ wa mọ́lẹ̀ ju ti ìjọba lọ. Báwo ni iná tó dáa tó báyìí á ṣe máa ṣi aago lọ́nà?"

Mo ní, "Apá rẹ̀ le, ọmọ mi. Ìkánjú rẹ̀ ló pọ̀." Mo wá ṣàlàyé ayùn fún wọn. Iná ìjọba wà lọ́jọ́ náà, nítorí náà a pa jẹnẹrétọ̀, a tún àwọn aago méjèèjì tò, a kírun, a jókòó. Bí a ti ń wò wọ́n, ọwọ́ aago méjèèjì ń rìn bí ọ̀rẹ́ méjì tí wọ́n jọ ń lọ sóko. Lèmọ́mù fúnra rẹ̀ dìde lọ dúró nísàlẹ̀ wọn, ó sì mi orí.

Mo mú ìlérí mi ṣẹ. N kò bèèrè ẹni tó yí ẹ́ńjìnnì. Ọmọ náà ló sọ ọ́ fúnra rẹ̀. Ó ní lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ tan jẹnẹrétọ̀, bí wọ́n ti gbé fáànù lé e ni iná rẹlẹ̀, òun sì ní kí mẹkáníìkì yí i sókè kí iná lè dúró. Ó wá síwájú ẹ̀gbọ́n mi, ó dọ̀bálẹ̀.

"Ẹ má bínú, Bàbá. Mo rò pé ẹ̀yin ni."

"Dìde," ẹ̀gbọ́n mi ní. "Mo ti sọ fún àbúrò mi pé o ò parọ́."

Lèmọ́mù ní ọ̀rọ̀ gbígba ìpè lọ́wọ́ ládàánì ti parí, kí ẹnikẹ́ni má gbé e dìde mọ́. Inú mi dùn. Mo ti ń wá báàgì mi. Ìgbà náà ni ẹ̀gbọ́n mi ní òun ní ìbéèrè kan.

"Ààwẹ̀ àwọn ènìyàn ńkọ́?"

 Láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀, ẹni tó jẹ̀bi ni gbogbo wa ń wá. Èmi náà wá ẹ̀rí, mo rí i, ó sì tó mi. Kò sí ẹni tó bèèrè nípa àwọn tó ti gbé omi mu nínú ilé wọn nítorí pé wọ́n gbọ́ ohùn rẹ̀.

Lèmọ́mù ló dá a lóhùn. Ó ní gbogbo ọjọ́ tí wọ́n bá ti ṣínu pẹ̀lú ìpè yẹn kí oòrùn tó wọ̀, láti ìgbà tí jẹnẹrétọ̀ ti dé títí di ìgbà tí alága bẹ̀rẹ̀ sí í dúró ti ládàánì, kí wọ́n gba ààwẹ̀ wọn padà lẹ́yìn ọdún Ìtúnu Ààwẹ̀. Bàbá arúgbó tó ṣẹ̀fẹ̀ lẹ́ẹ̀kan kò ṣẹ̀fẹ̀ mọ́. Ó ní kí olúkúlùkù tó gbọ́ máa gbà á padà ní kọ̀rọ̀, kí a má kéde rẹ̀. Ọlọ́run aláàánú ni, àwọn mọ́sálásí yòókù sì ń bẹ níbẹ̀ tí wọ́n á fi wá ṣẹ̀sín. Àwọn kan ní bí a bá tilẹ̀ fẹ́ kéde rẹ̀, kí Ìyá Tíṣà ṣàlàyé ọ̀rọ̀ iná náà, kí gbogbo ayé lè mọ̀ pé kì í ṣe ẹ̀bi ládàánì. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Mo ti ń to ọ̀rọ̀ mi lọ́kàn.

Ẹ̀gbọ́n mi mi orí pé rárá. "Ohùn aago kọ́ ni wọ́n gbọ́," ó ní. "Ohùn mi ni."

Kí wàásù tó bẹ̀rẹ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó lọ dúró sídìí gbohùngbohùn. Mo wà lẹ́yìn aṣọ ìkélé láàárín àwọn obìnrin. Kò dárúkọ aago, kò dárúkọ jẹnẹrétọ̀, kò sì dárúkọ ọmọ ẹnikẹ́ni. Ó ní òun ti pè wọ́n ṣáájú àsìkò ní àwọn ìrọ̀lẹ́ kan, òun kò mọ̀ nígbà náà, òun ti wá mọ̀ báyìí. Ó sọ àwọn ọjọ́ náà. Ó ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n bá òun gbà wọ́n padà.

Obìnrin tó jókòó tì mí ní apá ọ̀tún pòṣé, ó ní ṣé nínú ooru yìí ni àwọn á tún gbààwẹ̀. Èyí tó wà ní apá òsì ní, "Ó kúkú sọ ọ́." Mo fẹ́ ṣàlàyé agégi àti ayùn fún wọn, nítorí mo mọ̀ ọ́n dáadáa, ó sì jẹ́ òtítọ́. Mo pa ẹnu mọ́. Òtítọ́ tèmi ti ṣe iṣẹ́ tirẹ̀ nínú ìgbìmọ̀. Ti ẹ̀gbọ́n mi ló kàn.

Wọ́n yí ẹ́ńjìnnì jẹnẹrétọ̀ sílẹ̀ ní ọjọ́ kejì, wọ́n sì fi aago oníbátìrì rọ́pò ti òpó. Mo ní kí wọ́n má ju ti òpó nù, kí wọ́n máa tọ́jú rẹ̀, nítorí kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Wọ́n gbé e sí ọ́fíìsì Lèmọ́mù. Mo padà sí Ìkòròdú, mo sì parí ààwẹ̀ mi níbẹ̀.

Lẹ́yìn ọdún, mo tún lọ sí Ẹ̀pẹ́ ní Ọjọ́bọ̀ kan. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ti sọ fún mi lórí fóònù pé ọ̀pọ̀ àwọn ará àdúgbò ń gba ààwẹ̀ náà padà ní ọjọ́ Ajé àti Ọjọ́bọ̀, ṣùgbọ́n n kò mọ bí ó ti rí títí mo fi débẹ̀. Bí ọjọ́ ti ń rọ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wọ àgbàlá ẹ̀gbọ́n mi ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, àwọn obìnrin pẹ̀lú abọ́ tí wọ́n bò, àwọn ọkùnrin pẹ̀lú ìgò omi. Alága àwọn ọ̀dọ́ náà wá, ó jókòó sórí àkàsọ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Kò sí ẹni tó pè wọ́n. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ni àwọn mélòó kan ti wá, pé ẹni tó ní kí àwọn gbà á padà ni kí ó sọ ìgbà tí àwọn lè ṣínu, láti ìgbà náà ni wọ́n sì ti ń pọ̀ sí i.

Ààwẹ̀ tèmi pé, ṣùgbọ́n mo ti bá wọn gbà á lọ́jọ́ náà láti òwúrọ̀. Mo jókòó sórí ẹní pẹ̀lú àwọn obìnrin. Ẹ̀gbọ́n mi wà lórí àga rẹ̀. Ó wo aago ọwọ́ rẹ̀, ó wo ojú ọ̀run lápá ibi tí oòrùn ń wọ̀ sí, ó sì ṣe sùúrù díẹ̀ sí i.  Kò gbé ọwọ́ sétí, nítorí a kò jìnnà sí i.

"Ó tó o," ó ní.

A gbé omi sẹ́nu.